Kí ni "capitaine" tí wọ́n ń pe ẹja ní Benin àti Màlì?

Àbúrò kan tó ń gbé ní Kútọnu béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, capitaine là ń pe ẹja ńlá kan tí wọ́n ń kó wá láti òkun níbí. Mo dé Mopti ní Màlì, níbi tí òkun ò sí nítòsí, wọ́n tún gbé capitaine síwájú mi, àmọ́ ojú rẹ̀ ò jọ ti ibí rárá. Èwo ni ojúlówó?"

Ojúlówó ni méjèèjì, àbúrò. Èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tàbí olórí ọmọ ogun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mú un bí o ṣe ń mú Balógun. Balógun Ìbàdàn wà, Balógun Ìjẹ̀bú-Òde wà, kò sì sẹ́ni tó máa tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Oyè ni capitaine, kì í ṣe orílẹ̀.

Ẹja Kútọnu yẹn, ọmọ òkun ni, láti etíkun Senegal títí dé Àǹgólà. Ó tún máa ń wọ ẹnu odò, níbi tí omi iyọ̀ ti ń pàdé omi aládùn. Gbé apá rẹ̀ sókè kí o wò ó dáadáa: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, òun ló fi ń táràkà wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́ ní Polydactylus quadrifilis, torí "olókùn mẹ́rin" ni quadrifilis ní èdè Látìnì. Imú rẹ̀ yọ kọjá ẹnu, ìrù rẹ̀ là sí méjì. Galeoides decadactylus, ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní petit capitaine, ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tòótọ́.

Ti Mopti, Lates niloticus ni. Odò Ọya, Náílì, Volta àti adágún Chad ni ilé rẹ̀. Kò ní okùn kankan lábẹ́ apá. Ìrù rẹ̀ rí roboto, orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀ lókè ojú, ó sì lè gùn tó mítà 2, kó wọ̀n tó kílò 200. Giwan ruwa ni àwọn Hausa ń pè é, ìyẹn erin inú omi. Ohun tó wú mi lórí jù nípa rẹ̀ ni pé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ bọ ọ́: ní Esna, ìlú tí àwọn Gíríìkì fi orúkọ ẹja náà pè ní Latopolis, wọ́n máa ń fi aṣọ di òkú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń di òkú ọba.

Lójú tèmi, ọjà ló dà wọ́n pọ̀. Ẹja ńlá ni méjèèjì, ẹran wọn funfun, ó nípọn, eegun wẹ́wẹ́ ò pọ̀ nínú rẹ̀, owó wọn sì ga. Ẹni tó bá gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún àlejò ti bu ọlá fún un.

Bí wọ́n bá ti gé e kí o tó dé, tí o ò rí orí, apá tàbí ìrù mọ́, bi ìyá tó ń tà á bóyá ti òkun ni tàbí ti odò. Á sọ fún ọ.