Ṣé páìpù ńlá kan ò lè tó nínú bọ́ílà Rocket?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi páálí ṣe Rocket, ọkọ̀ ojú irin ayé àtijọ́, fún ìpàtẹ ilé ìwé. Nínú àwòrán tí a rí, páìpù 25 ló wà nínú bọ́ílà rẹ̀, ìyẹn àgbá tó ń se omi. Ṣé a lè fi ẹyọ kan tó tóbi rọ́pò wọn?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ wọ́n o. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n Rocket wà.

Èéfín iná ló ń gba inú páìpù kọjá, omi ló sì yí páìpù ká. Ara páìpù yẹn ni iná fi ń mú omi gbóná. Bàbà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó ínṣì 3. Tí ẹ bá fẹ́ ẹyọ kan tí àyè inú rẹ̀ máa tó ti gbogbo wọn, ínṣì 15 ló máa fẹ̀, àmọ́ ara tó máa fi kan omi ò ní ju ìdá kan nínú márùn-ún ti àwọn kéékèèké yẹn. Ẹ ní káwọn ọmọ fi okùn wọ̀n ọ́n wò. Iṣu tí a gé wẹ́wẹ́ ló ń tètè jinná ju odindi.

Henry Booth, akọ̀wé iléeṣẹ́ rélùwéè tó lọ láti Liverpool sí Manchester, ló mú àbá náà wá. Robert Stephenson ló ṣe é. Páìpù ńlá kan péré ni Locomotion, ọkọ̀ ojú irin tí iléeṣẹ́ Stephenson ṣe ní 1825, ní.

Ẹ má sì gbàgbé páìpù tó ń gbé ooru omi tó ti ṣiṣẹ́ tán lọ sínú ọ̀pá èéfín. Bó ṣe ń tú síbẹ̀ fùú, fùú, ló ń fa afẹ́fẹ́ gba inú iná kọjá. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni, àfi pé kò sẹ́ni tó ń fín in: bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré sí i ni iná ń ràn sí i. Ó ní ìwọ̀n o. Ti Sans Pareil, ọkọ̀ Timothy Hackworth, le débi pé ẹyín iná ń fò jáde lẹ́nu ọ̀pá èéfín. Nínú ìdíje Rainhill, tí iléeṣẹ́ rélùwéè yẹn fi wá ọkọ̀ tó dára jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kẹwàá 1829, Rocket nìkan ló parí ìdánwò, ó sì sáré tó nǹkan bíi máìlì 30 ní wákàtí kan.

Sítíróò tí a fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ṣe páìpù yín dáadáa. Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ, kí sílíńdà méjèèjì, ìyẹn àgbá kéékèèké tí ooru omi ti ń ṣiṣẹ́ láti yí táyà, sì dagun. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má gbé agolo olómi tí wọ́n dé pa ka iná, torí ó lè bú gbàmù. Rocket fúnra rẹ̀ ní fáàfù tó ń tú ooru omi dànù tó bá ti pọ̀ jù.