Súgà inú ẹ̀jẹ̀ dádì àwọn ọmọ mi wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pẹ̀rẹ́ṣọ̀n ikùn, kí ló dé tí ara wọn wá ń gbọ̀n tí wọ́n bá jẹun tán?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Manchester la wà. Dádì àwọn ọmọ mi ní àtọ̀gbẹ fún ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì sanra gan-an, dókítà wá ṣe ọ̀pẹ̀rẹ́ṣọ̀n bypass fún wọn, ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí súgà wọn fi wálẹ̀, wọn ò tíì rù rárá nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́ta, tí wọ́n bá mu ògì láàárọ̀, tó bá ti tó wákàtí méjì, òógùn á bò wọ́n, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, ojú wọn á máa ṣú. Mọ́mì wọn ní ká máa fún wọn ní Coke, ara wọn sì máa ń balẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tó tún fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé àtọ̀gbẹ yẹn ló ń padà bọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ǹlẹ́ o, ìyáwó wa, ẹ kú ìtọ́jú dádì. Ohun tí ẹ sọ yìí ò jọ àtọ̀gbẹ tó ń padà bọ̀, súgà ló ń já wálẹ̀ jù. Mo máa ń rí i dáadáa lẹ́nu iṣẹ́ dietitian (onímọ̀ nípa oúnjẹ) tí mò ń ṣe, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ téèyàn ti ṣe bypass, ìgbà tí ọkàn gbogbo ilé ti balẹ̀. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un o, torí súgà tó bá wálẹ̀ jù lè mú kéèyàn dákú, ẹ wá lọ rò ó wò tó bá jẹ́ pé ìdí mọ́tò ló wà.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé páìpù lásán ni ikùn àti ìfun, oúnjẹ wọlé lókè ó jáde nísàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìfun máa ń ránṣẹ́ sí pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù tó ń ṣe insulin, họ́mónù tó ń mú kí súgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Tí oúnjẹ bá ti dé apá ìsàlẹ̀ ìfun kékeré, ìfun á tú họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní GLP-1 sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló máa sọ fún pancreas pé oúnjẹ ti dé o, tú insulin jáde (abẹ́rẹ́ Ozempic tí gbogbo èèyàn ń sọ yìí, àfarawé họ́mónù yẹn ni). Kí dádì tó ṣe ọ̀pẹ̀rẹ́ṣọ̀n, ẹnu ọ̀nà kan wà nísàlẹ̀ àpòlúkù wọn tó máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ á máa yọ́ wọnú ìfun. Dókítà ti wá ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, kò tó ẹyin adìyẹ, ó fa ìfun wá so mọ́ ọn, oúnjẹ ò gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá mọ́, ṣe ló kàn ń já gbàgà sínú ìfun, GLP-1 á sì tú jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí súgà fi wálẹ̀ kí wọ́n tó rù. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé lọ́jọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ń dínkù, ẹ̀dọ̀ náà wá dẹwọ́ súgà tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i, ní 1995 Dókítà Walter Pories àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Greenville, North Carolina, ròyìn pé nínú èèyàn 146 tó ní àtọ̀gbẹ tí wọ́n ṣe bypass fún, súgà èèyàn 121 nínú wọn padà sí bó ṣe yẹ kó wà.

Nǹkan tó wo dádì sàn yẹn náà ló tún ń dà wọ́n láàmú yìí. Ọkùnrin kan tí mo tọ́jú máa ń gún ìka ara ẹ̀ nílé, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ ẹ̀. Kó tó mu ife ògì kan tó fi hóró súgà mẹ́ta sí, 5.2 (mmol/L ni wọ́n fi ń wọn súgà níbí). Ìdajì wákàtí lẹ́yìn ẹ̀, 12.6. Nígbà tó fi máa tó wákàtí méjì, 2.7, ọwọ́ tó fi kọ 2.7 yẹn ti ń gbọ̀n, ẹ máa rí i lára ìwé náà. Ògì kúnná, kò sí nǹkan tó máa dá a dúró, súgà á ru sókè lẹ́ẹ̀kan, insulin á ya jáde bí omíyalé, ìgbà tí ògì bá fi máa tán nínú ìfun, insulin ò tíì tán nínú ẹ̀jẹ̀. Coke tí mọ́mì ń fún wọn, ìfẹ́ ni, ó sì ń gbé wọn dìde lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló ń gbà, á tún pe insulin míì jáde, ìdí tó fi tún ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Tó bá tún ṣe wọ́n, ẹ kọ́kọ́ wọn súgà. Tí kò bá tó 4, ẹ fún wọn ní ìdajì ife júùsì tàbí glucose oníhóró tó tó gíráàmù 15, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n. Tó bá ti gòkè, kí wọ́n jẹ ẹyin sísè kan tàbí ẹ̀pà pẹ̀lú búrẹ́dì díẹ̀, ẹyin yẹn ló máa di súgà náà mú. Kí wọ́n má sì wa mọ́tò tí súgà ò bá tó 5.

Mi ò ní sọ pé kí wọ́n má fẹnu kan ògì mọ́ láyé o. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ mọ́ín-mọ́ín, kí ògì wá tẹ̀ lé e, díẹ̀, láìsí súgà. Bó ṣe yẹ kó rí pẹ̀lú ẹ̀bà àti iyán náà nìyẹn, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé, òkèlè mélòó kan péré. Omi ò gbọdọ̀ bá oúnjẹ rìn, ó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán, torí omi á fọ oúnjẹ wálẹ̀ kíákíá. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́ dáa ju àjẹyó ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àpò oògùn wọn lónìí. Tí oògùn àtọ̀gbẹ bíi gliclazide tàbí Daonil bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ pe dókítà lónìí náà, kì í ṣe ọ̀la, torí oògùn tó ń ti pancreas láti tú insulin jáde nìyẹn (metformin nìkan kì í sábà fa irú èyí). Tó bá sì jẹ́ pé òru tàbí kí wọ́n tó jẹun ló ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí àyípadà oúnjẹ ò bá kápá ẹ̀, oògùn wà, bí acarbose, dókítà ló máa kọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ fítámì B12 oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n má fò ó, àti oògùn iron àti kálísíọ̀mù wọn. Bákan náà, súgà tó wálẹ̀ yẹn ò túmọ̀ sí pé àtọ̀gbẹ ti lọ pátápátá. Nínú ìwádìí ilé ìwòsàn Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2017, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 29 nínú 100 àwọn tó ṣe bypass ni HbA1c wọn (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí súgà ṣe rí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta hàn) ṣì wà ní ìdá 6.0 nínú 100 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìdá 5 péré ni nínú àwọn tó lo oògùn nìkan. Ó dáa ju oògùn nìkan lọ, mo sì nígbàgbọ́ nínú ẹ̀, àmọ́ kí dádì máa lọ fún HbA1c àti àyẹ̀wò ojú lọ́dọọdún.

Ẹ bá wọn kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá jẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, aago tí wọ́n jẹ ẹ́ àti iye súgà wọn, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ fún àwọn tó ṣe ọ̀pẹ̀rẹ́ṣọ̀n yẹn. Ẹ bá mi kí mọ́mì dáadáa, ẹ ní mo ní kí wọ́n bá wa fi Coke yẹn sílẹ̀, mọ́ín-mọ́ín wọn la nílò.