Ṣé omi Yellowknife ṣeé mu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin rí iṣẹ́ sí Yellowknife ní àríwá Kánádà, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ọlọ́dún méjì ni wọn yóò sì jọ lọ. Mo gbọ́ pé ìwakùsà wúrà ti ba omi ibẹ̀ jẹ́. Ṣé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún?

Ìdáhùn: Màmá, omi ẹ̀rọ ìlú náà ṣeé mu láìsè é. Omi àwọn adágún kan nínú ìlú àti lẹ́bàá ibi ìwakùsà àtijọ́ ni kí wọ́n yẹra fún, sísè kò sì lè tún un ṣe, nítorí pé arsenic, májèlé tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ yẹn, kì í bá ooru omi lọ: bí omi bá ṣe ń fà nínú ìkòkò ni májèlé inú èyí tó kù ń le sí i.

Orí ilẹ̀ àwọn Yellowknives Dene, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ni àwọn awakùsà tẹ ìlú náà dó sí ní nǹkan bí ọdún 1935. Ní ibùdó ìwakùsà kan tó ń jẹ́ Giant, wúrà àti arsenic jọ wà nínú òkúta kan náà, wọ́n sì ń fi iná yan òkúta náà láti 1949 títí di 1999. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, kò sí ohun tó dá èéfín rẹ̀ dúró, arsenic inú rẹ̀ sì ń balẹ̀ sórí ilẹ̀ àti sínú omi. Ní 1951, májèlé náà pa ọmọ kékeré kan láàárín àwọn Dene, ohun tó ṣì ń dùn mí gan-an. Eruku arsenic tí wọ́n rí kó nínú èéfín náà lẹ́yìn náà tó 237,000 tọ́ọ̀nù, ó kúnná bí èlùbọ́ tí a jọ̀, abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ló sì wà. Nítorí pé omi lè yọ́ ọ, wọ́n ń ri páìpù tó ń fa ooru jáde kúrò nínú àpáta, kí gbogbo rẹ̀ lè dì gbagidi.

Ṣùgbọ́n Odò Yellowknife ni omi ẹ̀rọ ti ń wá, kì í ṣe àwọn adágún tí mo ní kí wọ́n yẹra fún, nípasẹ̀ páìpù abẹ́ omi tó gùn tó kìlómítà 8.

Ọmọ-ọmọ yín ọlọ́dún méjì yẹn ló jẹ mí lógún jù, torí ọmọdé a máa ti ọwọ́ tó fi ṣeré nílẹ̀ bọ ẹnu. Kí wọ́n máa fọ ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n má sì jẹ́ kó wẹ̀ nínú Frame Lake, ọ̀kan lára àwọn adágún inú ìlú yẹn, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Bí wọ́n bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́, kí wọ́n ra ilẹ̀pẹ̀ sínú àpótí.