Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba pápá lọ́wọ́ ọmọ yín

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní ilé-ìwé ti yọ PHE (ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera) kúrò nínú tàímùtébù àwọn JSS3, wọ́n fi Ìṣirò dí àyè rẹ̀ nítorí BECE, ìdánwò àṣekágbá JSS3, ẹ wá ń béèrè bóyá wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i rárá. Tísà eré ìdárayá ni mí, láti ilé-ìwé ìjọba dé ti aládàáni, ìjà yìí gan-an ni mo sì ń jà láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Nígbà tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ètò ẹ̀kọ́, tún ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ṣe, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2014, wọ́n kó PHE, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà pọ̀ sábẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní BST (Basic Science and Technology). Wọ́n ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún àwọn ọmọ, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí mo mọ̀, tísà sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fa PHE lé lọ́wọ́. Á kọ ọ́ sójú pátákó pé pápá fọ́líbọ́ọ̀lù gùn ní mítà 18, ó fẹ̀ ní mítà 9. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á yege ìdánwò, láìsí ẹni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú wọn.

Ẹ wo báàtìnì nìkan, ọ̀pá tí àwọn asáré ń gbé fún ara wọn. Nínú eré mítà 100 ẹlẹ́ni mẹ́rin, àyè mítà 30 péré ni wọ́n ní láti fi gbé e fún ara wọn. Ẹni tó máa gbà á kò ní dúró dè é, á ti máa sá lọ, apá á wà lẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ á ṣí sílẹ̀, kò sì ní bojú wẹ̀yìn títí á fi gbọ́ "Gbà!" Àfi kí àwọn méjèèjì fọkàn tán ara wọn. Mo ti rí ọmọ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní kíláàsì tó ti ibẹ̀ ní ọ̀rẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ètò ẹ̀kọ́ tuntun, PHE sì tún dá dúró láyè ara rẹ̀. Inú mi dùn gan-an ni. Yálà ti àtijọ́ ni ọmọ yín ń lò tàbí tuntun, PHE wà níbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn dá wọn lóhùn. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, náà ní ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ fún ohun tó máa mú un mí hẹlẹ, ti ọmọ yín kò sì tíì dé ìyẹn lọ́sẹ̀.

Wọ́n á ní íntáháòsì ń bẹ. Ẹ má gbà. Ìyẹn ọjọ́ kan lọ́dún, owó òbí, kánópì àti máàṣìpáàsì ni. Àwọn ọmọ díẹ̀ ń sá, ìyókù ń wòran. Lóòótọ́, láti pápá ilé-ìwé ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà bíi Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti bẹ̀rẹ̀, ní St. Finbarr's College, Akoka. Àmọ́ ọmọ tí kò ní gba ife kankan láyé rẹ̀ ni mo ń jà fún jù.

Bí wọ́n bá ní oòrùn ń mú, kí wọ́n gbé e sí àárọ̀. Bí wọn ò bá ní pápá, okùn fífò, táyà àlòkù àti tẹ́ntẹ́n gba inú àgbàlá. Páìpù omi tí a gé ni mo fi ń ṣe báàtìnì. Ní ti ọmọ tó ní ásímà tàbí fòníkú-fọ̀ladìde, ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ni mo máa ń bi òbí ní kọ̀rọ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń ní kó lọ ṣọ́ báàgì: á rìn, á mu omi dáadáa, á sinmi nígbà tó bá fẹ́, á sì bá mi di aago mú.

Ẹ gba ọ̀dọ̀ PTA, ẹgbẹ́ òbí àti tísà, kọ lẹ́tà, ẹ ní kí wọ́n fi nóòtù iṣẹ́ pápá tí tísà kọ hàn yín, kì í ṣe ìwé ọmọ nìkan. Bí ọ̀gá bá kọ̀, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ bá àwọn ìńsípẹ́kítọ̀ ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ yín.