Géèmù ò ṣí lọ́jọ́ update: má fún ẹnikẹ́ni lówó kó bá ọ gba ẹ̀yìn wọlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa ni mò ń gbé. Ọjọ́ tí géèmù tí mò ń gbá gbé update ńlá, ìyẹn ẹ̀dà tuntun, jáde ni mo ra dátà tuntun, ṣùgbọ́n láti aago 3 ọ̀sán títí di alẹ́, kò wọlé. Mo pààrọ̀ SIM, mo pa fóònù, mo tún un tàn, pàbó ló já sí. Ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àbújá ló ń dí i, pé kí n mú ₦5,000 àti páásíwọ́ọ̀dù mi wá, òun á fi VPN àti APK kan tó wà lọ́wọ́ òun gba ẹ̀yìn wọlé fún mi. Ṣé kí n san án? Ṣé mo sì lè gba owó dátà mi padà?

ÌDÁHÙN: Má san kọ́bọ̀. Àbúrò, irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Kò sí ìgbà tí géèmù ńlá kan gbé update jáde tí wọn kì í bi mí. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe ní Àbújá níbí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi ohun táwọn ọmọ wa ò mọ̀ jẹun.

Ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an ni kò tọ̀nà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ ló dí ọ lọ́nà, ilé tí ò ń lọ ni wọ́n tì. Àwòrán àti ohùn géèmù ló wà nínú fóònù rẹ. Ipò tó o dé, ohun tó o rà, àwọn tó ò ń bá jà, orí server ni gbogbo ìyẹn wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù, lókè òkun. Bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe, wọ́n á kó gbogbo èèyàn jáde ná, torí bí ẹni tó ní ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹni tó ní tuntun bá jọ wà nínú rẹ̀, àkọsílẹ̀ á dàrú: ohun tí ẹnìkan rà á di méjì, ti ẹlòmíì á pòórá.

Kí wá ni iṣẹ́ VPN? Ó ń mú ìsọfúnni rẹ gba ibòmíràn kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Ó wúlò bí ọ̀nà bá dí, kì í ṣílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ti ti ọjà Wuse, o lè gba Berger, o lè gba Area 1, títì lo máa bá a.

Ní Oṣù Kejìlá 2021, ilé-iṣẹ́ Square Enix gbé Endwalker, àfikún ńlá fún géèmù wọn Final Fantasy XIV, jáde. Èrò tó ya wọlé pọ̀ débi pé bí àwọn tó tò sórí ìlà láti wọlé ní dátà sẹ́ńtà kan, ìyẹn ibi tí wọ́n kó server jọ sí, bá ti ju 17,000 lọ, server ń lé àwọn tó kù padà, nọ́ńbà àṣìṣe 2002 ni wọ́n ń rí. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kún tiwọn, kò rọrùn láti rí rà, torí ọ̀wọ́n chip tí wọ́n fi ń ṣe kọ̀ǹpútà gbòde káàkiri ayé nígbà náà. Wọ́n dá títà géèmù náà dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n fún àwọn tó ń san owó oṣooṣù ní ọjọ́ 7 lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n tún fi 14 kún un. Àwọn tó ni server fúnra wọn ò rí ẹ̀yìn gbà. Ibo lẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Kubwa ti wá rí tiẹ̀?

Mọ ọgbọ́n wọn. Á gba owó, á ní kó o fi fóònù sílẹ̀ di ọ̀la. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé-iṣẹ́ ti ṣí server, géèmù wọlé, ìwọ náà á wá máa polówó rẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Aago 3 tó o dárúkọ kì í sì í ṣe ohun ìyanu. Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tiwọn ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń yàn. Aago 7 òwúrọ̀ ní California ni aago 3 ọ̀sán wa nígbà ooru tiwọn, aago 4 nígbà òtútù. Kò sẹ́ni tó ro tiwa mọ́ ọn, ó sì máa ń dùn mí.

Pe ọ̀rẹ́ rẹ kan ní Ìlọrin tàbí Ìbàdàn. Bí tiẹ̀ náà ò bá ṣí, tí WhatsApp rẹ sì ń lọ, ti server ni. Wàhálà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi kì í sábà mọ sórí géèmù kan ṣoṣo: ní ọjọ́ 14, Oṣù Kẹta 2024, tí àwọn okùn abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, áàpù báǹkì pàápàá ò ṣe déédéé ní Nàìjíríà. Mi ò rí fóònù rẹ, mi ò lè búra. Bí wọ́n bá ti kéde pé àwọn ti ṣí, tí tìrẹ nìkan ò wọlé, kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà láti inú géèmù.

APK yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí Android ni. Tí kò bá wá látọ̀dọ̀ oní-géèmù, ó lè máa ka SMS rẹ, tó fi mọ́ OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi láti Nyanya. Àkáǹtì géèmù tí ọmọ náà fi ọdún mẹ́ta kọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n ti pààrọ̀ email ibẹ̀. Ọmọ náà ń sunkún níwájú mi, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe.

Ní ti dátà, ẹni tó tà á fún ọ kò jẹ ọ́ ní gbèsè, ó ti gbé fáìlì update náà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí wọ́n bá yọ ju ohun tó o lò lọ, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ ni kó o kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Bí wọn ò bá dáhùn, pe NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lórí 622. Ti ọjọ́ tó o pàdánù nínú géèmù, wo àdéhùn tó o fọwọ́ sí. Mi ò kì í ṣe agbẹjọ́rò. Bí update mìíràn bá ń bọ̀, tí wọ́n bá ṣí fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ pé kẹ́ ẹ gbà á ṣáájú ọjọ́, fi dátà òru gbà á. Tó o bá sì ti tò sórí ìlà láti wọlé, má jáde, torí ẹ̀yìn ìlà pátápátá ni wàá padà sí nínú ọ̀pọ̀ géèmù.

Bó o bá ti fún ọkùnrin yẹn ní páásíwọ́ọ̀dù kí èsì yìí tó dé, lọ yí i padà báyìí láti orí fóònù mìíràn, yí ti email tó so mọ́ ọn náà, kó o sì yọ APK yẹn kúrò kó o tó tún ṣí áàpù báǹkì rẹ.