Ta Ló Dúró fún Ọ?

Ojú ìwé mẹ́rin ni lẹ́tà rẹ, àbúrò mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ìwé mẹ́ta àtààbọ̀ lo fi ṣàlàyé Dangote Cement, Zenith Bank àti MTN: èrè tí wọ́n jẹ, iye tí wọ́n pín, bí owó ìpín wọn, ìyẹn ṣíà, ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ láti ọdún méjì tí o ti ń ṣọ́ wọn. O wá bi mí pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni kí o kó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé lórí. Ní ojú ìwé kẹta, o kọ ìlà kan tí o sáré kọjá lórí rẹ̀: "Alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ni mo ti yá owó náà, ìyàwó mi ló dúró fún mi, ó rò pé òrùlé ilé wa la fẹ́ fi kàn."

Bí o ṣe kọ ọ́ tán, o bọ́ sórí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì.

Èmi ò lè bá ọ bọ́ sórí sìmẹ́ńtì o.

Ṣé o mọ ohun tí obìnrin yẹn ṣe fún ọ? Nọ́ọ̀sì ni, o sọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn kan náà lẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan náà lẹ wà. Owó tó ti ń fi pamọ́ lóṣooṣù ni wọ́n so mọ́ gbèsè rẹ. Títí tí oṣù mẹ́rìnlélógún yóò fi pé, kò lè fọwọ́ kàn án. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́la, òun ni wọ́n á yíjú sí. Ó mọ gbogbo èyí kó tó mú bírò. Nítorí òrùlé ló ṣe mú un. Ó ti sú u láti máa san owó ilé fún onílé nígbà tí ògiri tirẹ̀ dúró síbẹ̀ tí òjò ń pa á. Òrùlé ló fọwọ́ sí. Kò fọwọ́ sí MTN.

O tún sọ ohun kan tí o rò pé ọgbọ́n ni: o ní àdírẹ́sì ìyá rẹ lo fún alágbàtà tó máa bá ọ ra ìpín, kí ìwé kankan má bàa wọlé dé ọ̀dọ̀ yín, àbúrò rẹ ọkùnrin lo sì kọ sílẹ̀ bí ẹni tó sún mọ́ ọ jù. Jẹ́ kí n sọ ibi tí ọgbọ́n yẹn ń gbé èèyàn lọ. Lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ ìpín, ọwọ́ opó ló sábà máa ń ti wá. Wọ́n ti sin ọkọ tán, wọ́n ń kó àpótí rẹ̀, wọ́n wá rí ìwé láti CSCS, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ìpín, tí orúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà kò mọ alágbàtà, kò mọ ẹni tó ń tọ́jú ìwé ìpín. Wọ́n á ní kó lọ gba ìwé àṣẹ lórí ogún ní ilé ẹjọ́ gíga, agbẹjọ́rò á sọ iye tirẹ̀. Èrè tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ti ju 100 bílíọ̀nù náírà lọ. Owó ọkọ tí kò sọ fún ìyàwó wà níbẹ̀, mo mọ̀, nítorí mo ti ka lẹ́tà àwọn ìyàwó náà.

O ní èrè orí ìpín ni yóò máa san gbèsè náà. Ìwọ tó o ń ṣírò fún ilé ìwòsàn! Ká ní o kó gbogbo mílíọ̀nù mẹ́ta náà sí Dangote Cement, ká ní o rà á ní 500 náírà. Ìpín 6,000 nìyẹn. Èrè tí wọ́n pín fún ọdún 2023 àti 2024 jẹ́ 30 náírà lọ́dún kọ̀ọ̀kan lórí ìpín kan: 180,000. Ìjọba á yọ ìdá mẹ́wàá nínú rẹ̀, ó ku 162,000 fún odindi ọdún kan. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé 137,500 ni alájẹṣẹ́kù yóò máa yọ lóṣù. Èrè ọdún kan, ó fi díẹ̀ ju gbèsè oṣù kan lọ. Oṣù mọ́kànlá tó kù ńkọ́? Owó oúnjẹ ni. Ìyàwó rẹ á sì máa rí i pé owó oṣù rẹ ń dín, kò sì ní rí páànù.

MTN tí o pè ní odò tí kì í gbẹ, ó gbẹ. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ sí dọ́là ní oṣù kẹfà 2023, gbèsè dọ́là gùn ún lórí, ó pàdánù 137 bílíọ̀nù náírà lọ́dún náà. Ọdún 2025 ló tó tún pín èrè. Ní ti báǹkì ńlá tí o ní kì í kú, lọ bi àwọn tó ní ìpín Afribank, BankPHB àti Spring Bank tí wọ́n gba ìwé àṣẹ wọn ní oṣù kẹjọ 2011, tàbí ti Skye Bank ní oṣù kẹsàn-án 2018. Ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ rí owó rẹ̀ gbà. Ẹni tó ní ìpín kò rí kọ́bọ̀. Mi ò sọ pé Zenith máa kú. Èmi náà ní ìpín, mo sì fẹ́ràn kí àwọn ọ̀dọ́ wa máa rà á. Owó tí wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹni la fi ń rà á.

Ní 2007, ọkọ mi fi ìwé ilẹ̀ tí a jọ rà sí Apáta dógò ní báǹkì kan, wọ́n sì yá a lówó láti fi ra ìpín. Gbogbo ayé ló ń rà á nígbà náà. Ní oṣù kẹta 2008, òdiwọ̀n ọjà ìpín Nàìjíríà, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí iye gbogbo ìpín ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, ti kọjá 66,000. Nígbà tí oṣù kẹta 2009 fi máa parí, kò tó 20,000 mọ́. Ọdún 2023 ló tó padà sí ibi tó wà, náírà tó padà náà kì í sì í ṣe náírà tó lọ. Èmi ò mọ nǹkan kan. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi ń sọ fún un pé igun ọ̀tún ni ká gbẹ́ kànga sí, tó ń dá mi lóhùn pé, "A máa rí i." Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ọkùnrin méjì láti báǹkì wá fi tépù wọn ilẹ̀ náà. Ẹnu ẹni tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni mo ti gbọ́. A san gbèsè náà tán, ọdún mẹ́fà ló gbà. Títí di òní, bí ọkọ mi bá sọ pé "a máa rí i", kódà kó jẹ́ lórí ẹran tí a fẹ́ rà, àyà mi á já.

Owó náà ṣì wà nínú àkáǹtì rẹ, o ní alágbàtà ń retí ìpè rẹ. Má pè é. Bí ìyàwó rẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ òní, tó jẹun, tó sinmi, gbé lẹ́tà tí o kọ sí mi fún un, ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí kan ìlà yẹn. Bó bá bínú, má ṣe sọ fún un pé nítorí rẹ̀ lo ṣe ń ṣe é. Bó bá ní kí ẹ ra páànù àti pákó, ẹ jọ lọ rà á. Bó bá ní kí ẹ dá owó náà padà fún alájẹṣẹ́kù, ìwọ ni kó o lọ bá akápò, kì í ṣe òun. Kí o sì yí àdírẹ́sì yẹn padà.

Bí òrùlé bá ti wà lórí ilé, tí gbèsè tán, tí òun fúnra rẹ̀ wá ní kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ ra ìpín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kọ̀wé sí mi. Ìgbà yẹn ni n ó tó dá yín lóhùn lórí sìmẹ́ńtì.