Bí iṣẹ́ ilé-ìwé bá pọ̀, ibo ni fàájì yóò gbà wọlé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì. Wákàtí 16 ni kíláàsì ń gbà lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀, a sì ń fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láàbù lé olùkọ́ lọ́wọ́ ní gbogbo Ọjọ́rú. Láti ìgbà tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì gbá bọ́ọ̀lù. Bí mo bá bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jáde, ọkàn mi kì í balẹ̀. Bí mo bá sì jókòó ti ìwé, fóònù ni mo máa ń tẹ̀ ní ìdajì àkókò náà. Báwo ni mo ṣe lè máa ṣe fàájì tí èsì ìdánwò mi kò ní bàjẹ́?

ÌDÁHÙN: Jẹ́ ká kọ́kọ́ ka àkókò rẹ bí ẹní ka owó. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Yọ 56 fún oorun, ìyẹn wákàtí mẹ́jọ lálaalẹ́. Yọ 16 ti kíláàsì, kí o tún yọ 32 fún ìkàwé, wákàtí méjì lórí wákàtí kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Bí ìwẹ̀, oúnjẹ, aṣọ fífọ̀ àti ìrìn bá gba wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, 21 nìyẹn. Ó ku 43. Kódà bí o bá tún ń ṣiṣẹ́ owó fún wákàtí 15, 28 ṣì wà nílẹ̀. Àkókò wà, ó kàn ń jò ni. Ìwọ fúnra rẹ sì ti sọ ibi tó ti ń jò: fóònù tí ò ń tẹ̀ lórí ìwé. Irú wákàtí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkàwé, kì í sì í ṣe fàájì. Àmúlùmálà ni, ó sì máa ń rẹ èèyàn ju iṣẹ́ gidi lọ.

Fún ọjọ́ méje, má tíì yí ohunkóhun padà. Lálaalẹ́, kọ ohun tí o fi wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀, kí o sì wo iye àkókò tí fóònù rẹ ní o lò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fo èyí, ohun tó wù ú ni yóò kọ sínú àtẹ àkókò rẹ̀, kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Tí o bá wá ń ṣe àtẹ náà, oorun àti kíláàsì ni kí o kọ́kọ́ kọ. Fàájì ló tẹ̀ lé e, kí ìkàwé tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ìkàwé tó dé! Ẹni tó ní òun á ṣeré tí iṣẹ́ bá tán kò ní ṣeré, torí iṣẹ́ ilé-ìwé kì í tán. Ní 1955, C. Northcote Parkinson, òpìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé bí àyè tí a fún iṣẹ́ bá ṣe fẹ̀ tó ni iṣẹ́ náà yóò ṣe fẹ̀ tó. Àkọsílẹ̀ láàbù tó yẹ kó gba wákàtí mẹ́rin, bí o bá fún un ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, yóò jẹ Sátidé tán.

Fàájì ńlá kan lọ́sẹ̀ tó, wákàtí mẹ́ta, ní ọjọ́ kan náà àti aago kan náà. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló bá ọ mu jù, torí o ti fi iṣẹ́ láàbù lé olùkọ́ lọ́wọ́; ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ni kí o sá fún. Jẹ́ kó jẹ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀, bíi bọ́ọ̀lù rẹ yẹn, nítorí ohun tí èèyàn dá nìkan ń ṣe ló kọ́kọ́ máa ń pa rẹ́ tí iṣẹ́ bá wọlé. Fi kékeré méjì kún un, ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan.

Ohun tó sábà máa ń ba àtẹ yìí jẹ́ ni ìfojúdíwọ̀n. A máa ń rò pé iṣẹ́ á yá ju bó ṣe yá lọ. Bí o bá ní wákàtí méjì ni yóò gbà, kọ mẹ́ta, kí o sì fi wákàtí méjì sílẹ̀ lófìfo ní ìparí ọ̀sẹ̀ fún àṣẹ́kù. Bí kò bá sí àyè òfìfo yẹn, inú àkókò bọ́ọ̀lù ni àṣẹ́kù á ya sí.

Nígbà ìkàwé, gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Dída ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì kò tó. Ọ̀nà tí Francesco Cirillo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gbé kalẹ̀, ìṣẹ́jú 25 fún iṣẹ́ àti márùn-ún fún ìsinmi, dára fún ohun tí à ń há sórí. Fún ìṣirò tàbí àkọsílẹ̀ gígùn, 25 kéré jù lójú tèmi. Ṣe 50, sinmi 10. Má fi ìsinmi náà tẹ fóònù o. Dìde, rìn, mu omi.

Ní ti ọkàn tí kì í balẹ̀, kí o tó jáde, kọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀ tí o bá dé sórí ìwé pélébé: “ìbéèrè 4, ojú ewé 63.” Ọkàn kò ní máa rán ọ létí ohun tó ti wà lákọsílẹ̀. Sì sọ aago tí o máa padà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí ẹ tó kúrò nílé, kì í ṣe nígbà tí eré bá ti wọra.

Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, gé fàájì ńlá sí wákàtí kan ààbọ̀, má pa á rẹ́. Oorun ni kí o má gé rárá: ó kéré tán, wákàtí méje ni àgbàlagbà nílò.

Ṣùgbọ́n bí o bá ráyè, tí bọ́ọ̀lù tí o fẹ́ràn kò sì dùn mọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí oorun kò wá mọ́, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àtẹ àkókò. Lọ rí dókítà tàbí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé rẹ.